Ta Ló Wà Nídìí Ẹyẹ?

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1977, Ọlálérè jẹ́ kí wọ́n nà mí ní pàṣán méjìlá nítorí ẹyẹ tí kì í ṣe èmi ló yẹ kí n lé. Màá sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo fi nǹkan kún un.

Kíláàsì karùn-ún ni àwa méjèèjì wà ní iléèwé ìjọ wa ní Ìgbẹmọ. Iléèwé náà ní oko ìrẹsì kékeré kan lẹ́yìn kíláàsì, ìrẹsì ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń kó lọ sí ìsìn ìkórè. Bí ìrẹsì bá ti ń gbó, ẹyẹ ẹ̀ga á dé. Ẹ̀ga kì í wá ní ẹyọ kan. Tí wọ́n bá balẹ̀ láàárọ̀ tí kò sí ẹni tó ń pariwo mọ́ wọn, ewé lásán ni wọn yóò fi sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, Tíṣà Rótìmí tó ń kọ́ wa kọ orúkọ wa sára pátákó, ẹnì kan lójúmọ́. Ẹni tó bá kàn, wọ́n á fún un ní agolo kan àti igi kan, á lọ jókòó sínú oko, á máa lu agolo títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́ ṣú.

Iṣẹ́ tí gbogbo Ìgbẹmọ mọ̀ ni. Títí di òní, bí ìrẹsì bá ti ń gbó, tí o bá pàdé àgbẹ̀ kan láàárín ìlú, o kò ní kọ́kọ́ kí i pé ó kú ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tí o máa bi í ni pé, “Ta ló wà nídìí ẹyẹ?” Òun náà á dárúkọ ẹni tó fi sóko, ìyàwó ni o, àbúrò ni o. Ẹni tí kò bá rí orúkọ dá, kò yẹ kó wà láàárín ìlú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ Ọlálérè. Ọjọ́bọ̀ ni tèmi. Ọlálérè wá bá mi lábẹ́ igi máńgòrò, ó ní bàbá òun fẹ́ mú òun lọ sí Adó lọ ra bàtà, kí n bá òun jókòó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun á bá mi jókòó ní Ọjọ́bọ̀. Mo gbà. Mo lu agolo láti àárọ̀ títí apá fi ń ro mí. Ẹyẹ kan kò jẹ hóró kan. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo bá ìyá mi lọ sí Ìyìn lọ kí ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Mo dé iléèwé ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀ga ti jẹ ìrẹsì tán.

Tíṣà Rótìmí wo pátákó. Orúkọ mi ló wà níwájú Ọjọ́bọ̀. Mo ní a ti gba ọjọ́ ara wa, pé Ọlálérè ló kàn. Tíṣà yíjú sí Ọlálérè, ó ní, “Ṣé òótọ́ ni?”

Ọlálérè wo bàtà tuntun tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní, “Mi ò mọ̀ sí i, sà.”

Pàṣán méjìlá. Mo kà á. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí bàbá mi mú àpò ìrẹsì kan wá fún ìkórè, kó fi dípò èyí tí ẹyẹ jẹ. Bàbá mi ní òun kò jẹ ẹyẹ kankan ní gbèsè. Wọ́n ní tí kò bá mú un wá, kí n má padà sí kíláàsì. Bàbá mi ní ó dáa. Bí mo ṣe kúrò ní iléèwé nìyẹn. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé mo jogún orí kunkun. Mi ò bá wọn jiyàn.

Ọlálérè ka ìwé tirẹ̀ lọ. Ó di tíṣà, ó di alàgbà nínú ìjọ, ó sì ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ní ọdún 1989, òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń lọ ìrẹsì láàárín ìlú. Ajílẹ̀ òyìnbó, oògùn tó ń pa koríko àti oògùn kòkòrò ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó ń tà á nítòsí wa. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, gbogbo ìlú lọ síbẹ̀ lọ jẹun. Èmi dúró ní òdìkejì títì, mo sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́ pé ohunkóhun tó bá ti inú ṣọ́ọ̀bù yẹn jáde kò ní kan ilẹ̀ mi láéláé.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn, òun náà ni mo sì ṣe. Gbogbo oko tó yí mi ká ń fín oògùn, èmi ń fi ọkọ́ ro tèmi. Wọ́n ń da ajílẹ̀ òyìnbó, èmi ń kó ìgbẹ́ adìyẹ bọ̀ láti Adó nínú àpò, àwọn awakọ̀ kò sì fẹ́ràn mi. Ẹnì kan sọ fún mi nígbà kan pé mo lè lọ ra oògùn ní Adó níbi tí Ọlálérè kò ní jẹ èrè rẹ̀. Mo rò ó wò. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Adó, iwájú ṣọ́ọ̀bù Ọlálérè ló ti ń já èrò. Yóò rí kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mi. Yóò wá mọ̀ pé nǹkan tí òun ń tà wúlò fún mi.

Pásítọ̀ kan gbìyànjú láti parí ìjà náà ní ọdún 1996. Ó pe àwa méjèèjì sí ilé rẹ̀, ó ní ká bọ ara wa lọ́wọ́. Mo ní kí Ọlálérè kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣe jáde lẹ́nu, kí n gbọ́, kí ẹlòmíràn sì gbọ́. Ọlálérè ní òun kò rántí ọ̀rọ̀ kankan tó jẹ mọ́ ẹyẹ. Pásítọ̀ gbàdúrà, a ṣe àmín, oníkálùkù lọ sílé rẹ̀. Nígbà tí ìyá Ọlálérè kú, mo lọ síbi ìsìnkú nítorí ìyá náà kò ṣẹ̀ mí. Mi ò fi ẹnu kan omi níbẹ̀.

Bó ṣe wà nìyẹn títí orúnkún mi ọ̀tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí lọ́dún tó kọjá. Lọ́dún yìí, ó ké sí èkejì.

Mojísọ́lá ìyàwó mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi máa ń wúwo. Ní ọjọ́ Àìkú kan ní ìparí oṣù Kẹwàá, wọ́n kéde nínú ìjọ pé ìjọba ti gbé ètò kan kalẹ̀ ní Adó. Àgbẹ̀ tó bá lè fi hàn pé kẹ́míkà kò kan ilẹ̀ òun láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, wọn yóò máa fún un ní owó ìrànwọ́ lọ́dọọdún, kó lè fi gba àwọn tí yóò máa bá a fi ọwọ́ roko. Mojísọ́lá wò mí. Gbogbo ìjọ wò mí. Ọlálérè, tó wà ní ìjókòó àwọn alàgbà, wo ìwé orin rẹ̀.

“Bàbá Dùnmínínú,” ni Mojísọ́lá wí nígbà tí a délé, “ẹ lọ forúkọ sílẹ̀.”

“Owó ìjọba kì í dé ọ̀dọ̀ wa.”

“Ẹ lọ ná. Àkùrọ̀ wa ti di igbó, oṣù tó ń bọ̀ ló sì yẹ ká gbin àgbàdo síbẹ̀. Orúnkún yín kò lè ro ó. Ẹ̀yìn tèmi kò lè ro ó. Àwọn ọmọ wà nídìí iṣẹ́ wọn. Tí ìjọba bá mú yín, a ó gba alágbàro. Tí wọn ò bá mú yín, èmi fúnra mi ni màá lọ ra oògùn lọ́dọ̀ Ọlálérè, èmi náà ni màá sì fín in. Mo ti béèrè iye tó ń tà á.”

“O wọ inú ṣọ́ọ̀bù yẹn?”

“Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró. Ẹsẹ̀ kan ló wọlé.”

“Èwo nínú ẹsẹ̀ rẹ?”

“Ẹ jẹun yín, Bàbá Dùnmínínú.”

Mo jẹun mi. Mo mọ ìyàwó mi. Tó bá ní òun á ṣe nǹkan, ó ti ń ṣe é nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Adó, ọ̀kadà sì gbé mi láti gáréèjì dé ọ́fíìsì tí wọ́n dárúkọ. Wọ́n ní kí n rí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Moyinolúwa. Ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ àbígbẹ̀yìn mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé àga fún mi, ó sì fa fọ́ọ̀mù kan yọ tó nípọn tó ìwé orin.

“Bàbá, ó tó ọdún mélòó tí ẹ ti lo kẹ́míkà kẹ́yìn lóko yín?”

“Mi ò lò ó rí.”

“Rí rárá?”

“Bàbá mi náà ò lò ó.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. “Wọ́n ń béèrè ìdí rẹ̀ níbí. Kí ló dé tí ẹ kò lò ó?”

“Kò wù mí ni.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, wọn kì í gba kò wù mí. Ṣé nítorí ìlera yín ni?”

“Rárá.”

“Àbí nítorí odò, kí omi rẹ̀ má baà bàjẹ́?”

“Odò jìnnà sí mi.”

“Ṣé nítorí ekòló ni? Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ń sọ pé oògùn máa ń pa ekòló inú ilẹ̀.”

“Èmi àti ekòló ò bára wa sọ nǹkan kan.”

Ó gbé bírò sílẹ̀. “Bàbá, ẹ̀yin nìkan ni ẹ wá síbí lọ́sẹ̀ yìí tí ẹ ò fi ekòló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bàbá kan wá níjelòó, díẹ̀ ló kù kó sunkún nítorí ekòló. A dé oko rẹ̀, a bá ike oògùn mẹ́rìnlá nínú abà. Ìdí tí mo fi ń wádìí nìyẹn. Kí ni ìdí tiyín gan-an?”

“Ọlálérè,” ni mo wí.

“Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

“Èèyàn ni. Òun ló ń tà á.”

Ó wò mí díẹ̀, ó sì kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́: nítorí Ọlálérè. Mo rí i bó ṣe kọ ọ́. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò síbi tí mi ò ti lè ka orúkọ yẹn.

Ó ṣí ojú ewé kejì. “Ó kúkú bọ́ sí i, Bàbá. Nítorí àwọn tó ń parọ́ fún wa, wọ́n ti fi òfin tuntun kún un. Ẹni tó ń ta oògùn tó súnmọ́ oko yín jù lọ ló gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé ẹ kò rà á lọ́wọ́ òun. Yóò sọ ìdí tí òun mọ̀, yóò fọwọ́ sí i. Ìdí tirẹ̀ àti ìdí tiyín gbọ́dọ̀ bára mu. Ta ló súnmọ́ yín jù?”

Mo dìde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jáde. Mo ti dé ẹnu géètì kí n tó rántí pé fìlà mi wà lórí tábìlì rẹ̀. Nígbà tí mo padà wọlé, ó ti gbé fìlà náà lé orí fọ́ọ̀mù mi.

“Ẹ kò ní bẹ ẹnikẹ́ni, Bàbá,” ni ó wí. “Èmi ni màá wá béèrè. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ yín.”

“Kò sí ọjọ́ mìíràn?”

“Ọjọ́bọ̀ nìkan ni, Bàbá.”

Mo gba fìlà mi.

Inú ọkọ̀ ni mo ti gbé ọ̀ràn náà yẹ̀ wò. Tí Ọlálérè bá jẹ́rìí mi, ó ti ṣe mí lóore nìyẹn, màá sì máa rí oore náà lọ́dọọdún. Tí kò bá jẹ́rìí mi, Mojísọ́lá á ra oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti di oníbàárà rẹ̀ nìyẹn. Mo wá ọ̀nà kẹta títí a fi dé Ìgbẹmọ. Iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ọkọ̀ já mi sí.

“Kí ni wọ́n wí?” ni Mojísọ́lá béèrè.

“Wọ́n ní kí Ọlálérè jẹ́rìí mi.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo dúró kó rẹ́rìn-ín tán.

“Ẹ má bínú,” ni ó wí, ó ń fi etí ìró nu ojú. “Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí láàyè kí n sọ ọ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ dájú bíi ti Ọlálérè pé ẹ ò ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ wo ni wọ́n ń bọ̀?”

“Ọjọ́bọ̀.”

“Ta ló máa wà nídìí ẹyẹ?”

“Ìwọ ni.”

“Ó dáa. Màá wà níbẹ̀.”

Moyinolúwa dé lọ́jọ́ náà lórí ọ̀kadà, ó gbé bàtà rọ́bà rẹ̀ sínú ọ̀rá. Mojísọ́lá ti wà láàárín ìrẹsì láti kùtùkùtù, ó ń lu agolo, ó sì fi igi tó fi ń lù ú juwọ́ sí i. Ọmọ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó wo abẹ́ ẹní inú abà. Ó wo ẹ̀yìn ògiri. Ó wo inú kòtò tí mo ń da ìdọ̀tí sí. Ohun tó rí kò ju ọkọ́ mẹ́fà lọ, àwọn tí mo ti fi roko títí wọ́n fi jẹ kù bíi ṣíbí. Ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ wọ́n nù. Mo ní kò sí èyí tó ṣẹ̀ mí nínú wọn.

Lẹ́yìn náà, ó fi ọ̀kan nínú wọn gbẹ́ ilẹ̀, ó bu erùpẹ̀ sínú ọ̀rá mẹ́ta, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó tún gbẹ́.

“Bàbá, ekòló yín pọ̀.”

“Mi ò pè wọ́n.”

Ó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó ní ó ku ibì kan. Mo mọ ibẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni a dé ṣọ́ọ̀bù. Àwọn obìnrin mẹ́rin jókòó sábẹ́ òrùlé ibi tí wọ́n ti ń lọ ìrẹsì, wọ́n ń ṣa òkúta lára ìrẹsì nínú atẹ. Ọlálérè wà lẹ́yìn tábìlì rẹ̀, ó wọ awò ojú, ó ń ka ìwé ìròyìn. Àwọn kẹ́ẹ̀gì oògùn tò lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹgbẹ́ akọrin. Moyinolúwa wọlé, ó kúnlẹ̀ kí i. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ mi kankan kò wọlé.

Ó ṣàlàyé ohun tó gbé e wá, ó sì fún un ní ojú ewé tó kàn án nìkan. Ọlálérè kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó fi bírò tirẹ̀ tún àṣìṣe méjì ṣe, ó dá a padà fún un.

“Sà, ṣé Bàbá Adébíyìí ti ra oògùn tàbí ajílẹ̀ lọ́wọ́ yín rí?”

“Adébíyìí?” Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀. “Láti ọjọ́ tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù yìí, kò ra nǹkan kan. Tí òjò bá ń rọ̀, tí gbogbo èèyàn sá sábẹ́ òrùlé mi, inú òjò ni òun máa dúró sí. Ìgbà kan wà tí ìyàwó mi rò pé ó ń wẹ̀ ni.”

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín sínú atẹ rẹ̀.

“Sọ fún un,” ni mo wí fún Moyinolúwa, “pé òrùlé rẹ̀ ń jò.”

“Ó ń jò lóòótọ́,” ni Ọlálérè wí fún òun náà. “Ṣùgbọ́n bá mi bi í, báwo ló ṣe mọ̀?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá mi.” Moyinolúwa tẹ́ ìwé rẹ̀ sórí tábìlì. “Sà, kí ni ìdí tí wọn kò fi rà á lọ́wọ́ yín?”

“Ahun ni.”

Moyinolúwa wo ojú ewé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Kò bá èyí tí wọ́n sọ fún mi mu.”

“Ó dáa, ẹ kọ ọ́ pé kò fẹ́ ọ̀làjú. Bàbá rẹ̀ náà kò fẹ́ ẹ.”

“Ìyẹn náà kọ́, sà.”

“Kí ni òun wá wí?”

“Wọn ò ní kí n sọ fún yín. Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ ni kí ẹ sọ. Tí ìdí méjèèjì kò bá bára mu, wọ́n á yọ orúkọ Bàbá kúrò.”

Ọlálérè fi bírò rẹ̀ kan eyín díẹ̀. “Tí wọ́n bá yọ ọ́, kò sí owó ìrànwọ́ nìyẹn.”

“Kò sí, sà.”

“Ìyàwó rẹ̀ ti béèrè kẹ́ẹ̀gì méjì lọ́wọ́ mi.” Ó fi orí júwe igun ilé. “Mo ti yà á sọ́tọ̀.”

Mo wo ibẹ̀. Wọ́n ti fi okùn so kẹ́ẹ̀gì méjì pọ̀, kí obìnrin lè gbé e rù láìsí wàhálà.

“Nítorí náà, sà,” ni Moyinolúwa wí, “ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀, àbí ẹ kò mọ̀ ọ́n?”

Ọlálérè tẹ orí ba. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò, sálúbàtà dúdú kan tó ti gbó lẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Mi ò mọ̀ sí i,” ni ó wí.

Ohùn náà ti dàgbà. Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà.

Moyinolúwa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Kò sí ohun tí mo tún ń dúró dè. Mo ro ti àkùrọ̀, mo ro ti kẹ́ẹ̀gì méjì yẹn lórí Mojísọ́lá láàárín ìlú, tí gbogbo èèyàn ń wò ó. Mo yí padà, mo sì bọ́ sójú títì.

Ọlálérè sì sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Mo gbà pé kò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Oṣù ìrẹsì ni, àgbẹ̀ tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ogójì lójúmọ́, kò sì sí ẹni tí kì í bi nínú wọn. Ẹnu rẹ̀ ló ti mọ́. Ó rí ẹ̀yìn àgbẹ̀ kan tó ń lọ, ó sì bi í pé:

“Ta ló wà nídìí ẹyẹ?”

Kò tíì bi mí rí láti ọdún 1977.

Àwọn obìnrin náà dá ọwọ́ dúró nínú atẹ. Gbogbo wọn mọ̀ pé a kì í sọ̀rọ̀. Mo yíjú padà. Mojísọ́lá ló wà níbẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ sì nìyẹn. Tí mo bá dárúkọ rẹ̀, irọ́ kọ́.

“Ìwọ ni,” ni mo wí.

Ọlálérè tẹ ara síwájú lórí tábìlì.

“Ìwọ ló kàn. Mo ti bá ọ jókòó tìrẹ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń retí pé kí o lọ.”

“Bàbá,” ni Moyinolúwa wí fún mi, “òní ni Ọjọ́bọ̀.”

Ọlálérè bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ká a, ó gbé e sórí ìwé ìròyìn. Ojú rẹ̀ kéré tí kò bá wọ̀ ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti wò ó tó bẹ́ẹ̀.

“Ẹ fa igi lé ohun tí ẹ kọ yẹn,” ni ó wí fún Moyinolúwa.

Ó fa igi lé e.

“Iléèwé wa ní oko ìrẹsì ní ọdún 1977. Ẹ̀ga jẹ ẹ́. Wọ́n ní Adébíyìí ló yẹ kó lé wọn, wọ́n nà án, ó sì fi iléèwé sílẹ̀. Ìdí tí kò fi ra nǹkan lọ́wọ́ mi nìyẹn.”

“Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n kò tíì bá a mu. Orúkọ yín ni wọ́n fi ṣe ìdí.”

“Orúkọ mi nìkan?”

“Nítorí Ọlálérè. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀.”

Ó mi orí, bíi tíṣà tí ọmọ fún ní ìdáhùn kúkúrú tí kò sì rí ibi tí yóò ti gé máàkì rẹ̀.

“Mo lọ wo katapílà ni,” ni ó wí. “Wọ́n ń la ọ̀nà Adó nígbà náà. Mo wọ bàtà tuntun, mo fẹ́ kí ọkùnrin tó ń wà á rí i. Mo ní màá tètè padà. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ wo ẹsẹ̀ mi.”

Bírò Moyinolúwa ń sáré lórí ìwé. Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà látorí títì tí mo wà. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó ń ṣa òkúta, èyí tó jókòó jìnnà jù ń bi ìkejì rẹ̀ pé kí ló wí.

“Mi ò gbọ́,” ni mo wí.

Ọlálérè wò mí. Ó mọ̀ pé mo gbọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti tábìlì, ó dìde, ó rìn wá sí ẹnu ọ̀nà, ó dúró níbẹ̀ bó ṣe máa ń dúró níwájú kíláàsì nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀, ó sì lo ohùn tí àwọn tó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn máa ń gbọ́.

“Èmi ló kàn láti lé ẹyẹ ní Ọjọ́bọ̀ yẹn. Adébíyìí ti bá mi jókòó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Tíṣà bi mí, mo ní mi ò mọ̀ sí i.” Ó yíjú sí mi. “Mo mọ̀ sí i.”